Oògùn Ẹ̀yìn Ọrùn

Kò sí àṣírí nílé wa. Kì í ṣe pé ẹnu wa fẹ́ẹ́rẹ́. Etí ìyá mi ló dí. Bí o bá fẹ́ sọ fún un pé iyọ̀ ti tán, àfi kí o pariwo, kí àwọn tó wà ní òdìkejì títì sì bá ọ gbọ́ pé iyọ̀ ti tán. Nígbà tí àfẹ́sọ́nà mi kọ̀ mí sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo sọ ọ́ fún ìyá mi. Kí ọjọ́ náà tó lọ, aránbàtà tó wà ní ọ̀kánkán ilé wa ti wá bá mi kẹ́dùn. Ó ní kí n má dá a lóhùn, pé gìgísẹ̀ bàtà ọkùnrin náà ti jẹ tán lápá kan, pé òun ti mọ̀ pé kì í rìn tààrà.

Iṣẹ́ irun ni ìyá mi ń ṣe. Yàrá iwájú ilé rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù: àga méjì níwájú dígí, abọ́ ìfọrun tí ìdí rẹ̀ ń jò díẹ̀, àti díráyà kan tó ń kùn bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Díráyà yẹn àtàwọn tó ti kú ṣáájú rẹ̀ ni mo gbà pé ó ba etí rẹ̀ jẹ́. Òun ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, pé òfófó àwọn oníbàárà ló dí òun létí. Bọ̀dá mi ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi sétí fún un. Ó lò ó díẹ̀, ó yọ ọ́, ó ní ayé ti láriwo ju bí òun ṣe fi í sílẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń bá etí ṣiṣẹ́. Bí ó bá kun rílásà, kẹ́míkà tó ń na irun, sí ènìyàn lórí, kì í wo aago. Ojú oníbàárà ló ń wò nínú dígí. Bí ìpéǹpéjú onítọ̀hún bá ti ṣẹ́ pẹ́rẹ́ báyìí, ó ti fà á dé ìdí abọ́ ìfọrun nìyẹn, kí ẹni náà tó mọ̀ pé nǹkan fẹ́ ta òun. Nígbà tó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀ gbàgbé obìnrin kan sábẹ́ rílásà. Nígbà tí wọ́n máa ya irun náà, awọ orí bá ìyarun bọ̀. Ìyá mi ló mú ìyarun lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, òfin kan ló fi ń ṣiṣẹ́: ohun yòówù kí a fi sí irun, a gbọ́dọ̀ tètè fọ̀ ọ́ kúrò. Kò jó ẹnikẹ́ni lórí rí. Bí ẹni ń sọ pé òun kò jalè rí ló ṣe máa ń sọ ọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni pé dígí kò kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Bí ó bá ti dojú kọ irun, ènìyàn lè wọlé, kó kí i, kó tún un kí, kó sì bínú lọ. Ibẹ̀ ni ajá ti wọ ọ̀rọ̀ wa.

Bojúwẹ̀yìn la sọ ọ́. Ajá aláwọ̀ eérú, etí kan nà, etí kan wó. Bọ̀dá mi mú un wá kó lè máa ṣọ́ ilé, àmọ́ ajá náà kò lè lé adìẹ. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ni pé bí ẹsẹ̀ bá ti kan ẹnu ọ̀nà, á dìde, á fi imú ti ìyá mi lórúnkún. Ìyá mi á yíjú padà, á ní, "Ẹ káàbọ̀ o, ẹ jókòó." Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Bí wọ́n bá jáde, iwájú ni ajá máa ń wà, á rìn díẹ̀, á bojú wẹ̀yìn wò ó bóyá Màmá ń bọ̀. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀, á dúró dábùú iwájú Màmá, Màmá náà á dúró.

Òdìkejì ìlú ni mò ń gbé ní tèmi, níbi tí mo ti ń rán yúnífọ́ọ̀mù ní ilé iṣẹ́ ńlá kan, Sọ́ńdè nìkan ni mo sì ń ráyè. Ajá yẹn ló ń jẹ́ kí n rí oorun sùn. Bọ̀dá mi ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé kí Màmá ti ṣọ́ọ̀bù, kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Màmá bi í pé kí lòun fẹ́ máa ṣe níbẹ̀, ṣé kóun máa ka ògiri ni? Gbogbo wa la mọ̀ pé bí kò bá sí ajá, bọ̀dá mi ló máa borí.

Eégbọn ni kò jẹ́ kí ajá gbádùn. Koríko ló wà lẹ́yìnkùlé, ibẹ̀ sì ni ẹran àwọn aládùúgbò ti ń jẹ̀. Màmá á tẹ́ ajá sórí itan, á fi ìdí ìyarun tó ṣe ṣóńṣó pín irun rẹ̀ lójú ìlà, á máa yọ eégbọn sínú kẹrosíìnì. Bí ó bá yọ ọ̀kan, àfi bí ẹni pé àwọn ẹbí rẹ̀ ń bọ̀ wá sìnkú. Àwọn kéékèèké tó ń fò ní tiwọn kò tiẹ̀ ṣeé mú. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan rí eégbọn tó ń fẹsẹ̀ palẹ̀ lórí aṣọ ìnura tí wọ́n fẹ́ ta sí i lọ́rùn, ó ní òun ń bọ̀. Ó kúkú ti dé ilé rẹ̀.

Mo mú ajá lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó máa ń ronú kó tó sọ̀rọ̀. Ó fún mi ní oògùn olómi nínú ike tí kò tóbi ju ìka lọ.

"Ẹ má dà á sórí irun," ó ní. "Ẹ ya irun sọ́tọ̀, kí ẹ rí awọ, láàárín egungun èjìká méjèèjì, lẹ́yìn ọrùn níbi tí kò ti lè lá a. Ẹ kán an síbẹ̀. Òróró ara ajá fúnra rẹ̀ ló máa gbé e kiri gbogbo awọ. Ẹ má jẹ́ kí omi kàn án títí ọjọ́ kejì fi máa kọjá, kó ráyè rìn. Oṣooṣù lẹ ó máa ṣe é."

Sọ́ńdè ni mo kán an. Màmá fúnra rẹ̀ ló bá mi ya irun ọrùn ajá, nítorí kò sí ẹni tó lè ya irun tó o. Ìlà náà tọ́ bí okùn. Mo tẹ ike, oògùn kán sórí awọ, òórùn rẹ̀ gba ilé. Màmá fa imú.

"Kẹ́míkà nìyí."

"Oògùn ni, Màmá!"

"Mo ní kẹ́míkà ni. Ṣé kò ní jó o?"

"Kò ní jó o! Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀! Ẹ má jẹ́ kí omi kàn án!"

Aránbàtà na ọwọ́ sókè láti òdìkejì títì pé òun ti gbọ́. Màmá náà mi orí, bó ṣe máa ń mi orí nígbà tí oníbàárà bá ní òun mọ ohun tí irun òun fẹ́. Mo mọ orí mímì yẹn dáadáa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ irun ni mo mọ̀ ọ́n mọ́, n kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ irun náà la wà.

Eégbọn kò lọ. Mo tún kán oògùn lóṣù kejì, eégbọn kò lọ. Mo gé koríko ẹ̀yìnkùlé títí apá ń ro mí. Mo ki aṣọ tí ajá ń sùn lé bọ omi gbígbóná. Mo bá ẹni tó ta ike kejì fún mi jà, mo ní ayédèrú ló tà fún mi, ó búra, èmi náà búra, àwọn tó ń kọjá là wá. Mo padà sọ́dọ̀ dókítà, mo ra tọwọ́ rẹ̀ gan-an. Ó gbé ajá sórí ìwọ̀n, ó ní bí oògùn ṣe yẹ kó tó ló tó.

"Ṣé ẹ kì í wẹ̀ ẹ́?" ó bi mí.

"Rárá o. Mo ti sọ fún wọn nílé."

Ó káwọ́ lẹ́yìn, ó ń wo ajá. Nígbà tí mo sọ fún bọ̀dá mi lórí fóònù, ó ní bóyá àwọn eégbọn náà ti sọ oògùn yẹn di ìpara. Mo rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà inú bí mi. Kò sí ọgbọ́n tí n kò dá tí kò já sí pàbó. Bí mo bá dé ní Sọ́ńdè tí mo fọwọ́ kan etí ajá, àwọn eégbọn á wà níbẹ̀, wọ́n yó bámúbámú, wọ́n ń dán. Irun ajá náà ń dán. Àwọn oníbàárà ń yìn ín pé ọrùn rẹ̀ ń tàn bí ẹni tó fẹ́ rode, Màmá á rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ń ta sánsán ṣanpú díẹ̀, àmọ́ kí ni kì í ta sánsán ṣanpú nílé yẹn? Búrẹ́dì ilé wa gan-an ń ta sánsán ṣanpú.

Ibi iṣẹ́ ni mo wà nígbà tí aránbàtà pè mí.

"Ìyá ẹ ní kó o máa bọ̀. Ajá ò dìde."

Bí mo ṣe gbọ́ ọ nìyí. Oníbàárà kan wọlé, ó dúró lẹ́yìn Màmá, ó kí i. Kò sí imú tó ti orúnkún. Obìnrin náà fọwọ́ tọ́ ọ léjìká. Màmá gbé kẹ́tùrù omi gbígbóná lọ́wọ́. Ó ta gìrì, omi dà sí i lọ́wọ́ láti ọrùn ọwọ́ dé ìka. Kò ké. Ilẹ̀ ló kọ́kọ́ wò, ó fẹ́ mọ ohun tó dé tí ajá kò fi sọ fún òun. Ajá wà lábẹ́ àga, ó fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbé e.

Nígbà tí mo dé, ó ti fi aṣọ ìnura tó mọ́ jù lọ ní ṣọ́ọ̀bù wé ajá. Ọwọ́ tirẹ̀ ti wú, kò fi nǹkan kan sí i. Mo ṣí ètè ajá, èrìgì rẹ̀ funfun bí òwú. Ìtọ̀ tó tọ̀ sílẹ̀ dúdú bí tíì tí kò ní mílíìkì. Ẹ̀rù bà mí. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Dókítà gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀, ó lọ fi awò wò ó, ó padà dé. Ó ní àìsàn kan ni tí eégbọn ń kó sára ajá, tó ń jẹ ẹ̀jẹ̀ láti inú. Ó gún un lábẹ́rẹ́, ó fa omi sí i lára. Ó ní ì bá dára ká ní a tètè mú un wá, àmọ́ kí a máa wò ó ná. Ó bu ìpara fún Màmá pé kó fi pa ọwọ́. Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó fọwọ́ gbá àgbọ̀n mú.

"N kò tíì mọ bí ó ṣe jẹ́," ó ní. "Oògùn gidi ni. Ẹ tún rántí dáadáa, ṣé omi kì í kan ọrùn rẹ̀?"

Màmá rí i pé ẹnu rẹ̀ ń mì, ó sì rí i pé ọrùn ajá ló ń nàka sí. "Kí ló ń bi ọ́?"

"Ó ní ṣé a máa ń wẹ ajá!"

"Wẹ̀ kẹ̀?" Màmá tún ìjókòó ṣe. Mo mọ ohùn yẹn, òun ló fi ń bá oníbàárà tuntun sọ̀rọ̀. "Dókítà, n kì í wẹ gbogbo ara rẹ̀ o. Ọrùn yẹn nìkan ni. Ẹ fọkàn yín balẹ̀. Bí ọmọ yìí bá ti kán kẹ́míkà yẹn sí i tán, tó bá ti ń lọ sílé rẹ̀, n kì í jẹ́ kó pẹ́ lára rẹ̀. Ṣanpú ni mo fi ń fọ̀ ọ́, lẹ́ẹ̀mejì, mo sì máa ń ṣàn án dáadáa. Gbogbo bí a ṣe ń lo oògùn yẹn tó, ẹ wá wo ọrùn rẹ̀. Ṣé irun kan re? Ṣé awọ rẹ̀ bó?"

Ó fi ọwọ́ tí kò jó ya irun náà fún un. Lóòótọ́, ọrùn náà mọ́. N kò rí ọrùn ajá tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Dókítà wò ó, ó wò mí, ó wá wolẹ̀.

"Kí ni dókítà wí?" Màmá bi mí.

Mo kígbe mọ́ ọn létí pé, "Ó ní ẹ tọ́jú ọrùn rẹ̀ dáadáa!"

Àwọn ajá tó wà nínú àgò lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Màmá mi orí. Dókítà dìde, ó ní òun ń lọ wo nǹkan kan, ó sì pẹ́ kó tó padà.

Kí n má parọ́, inú bí mi. Mo rántí apá mi tó ro mí nídìí koríko, mo rántí ẹni tí mo bá jà láìṣẹ̀ láìrò. Ṣùgbọ́n ta ni kí n bínú sí? Obìnrin tí kò jó ẹnikẹ́ni lórí rí? Mo wò ó tó ń fi ìka pa ajá lórí, níbi tí kò ti ní kan ojú abẹ́rẹ́, mo sì rí i pé kò sí ibi tí mo lè gbé ìbínú náà lé. Mo gbé e mì.

Ajá náà kò rí ọ̀sẹ̀ yẹn parí. Ọ̀sán ni. Màmá dìde láti lọ bu omi mu, ajá gbé orí díẹ̀, ó bojú wẹ̀yìn wò ó bóyá ó ń bọ̀. Kí Màmá tó gbé ife padà dé, orí náà ti wà nílẹ̀. Màmá bú sẹ́kún. Ẹni tí kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀ kì í mọ bí ẹkún òun ṣe ń dún.

Bọ̀dá mi wá bá wa sin ín lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí Màmá wọlé, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún bọ̀dá mi, ó jókòó sórí ọkọ́.

"Ta ló máa sọ fún Màmá?" ó ní.

"Ẹ̀yin lẹ dàgbà jù."

"Ìwọ lo gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà."

Eégbọn so mọ́ àyìnrín lẹ́nu, wọ́n ní kí adìẹ wá já a jẹ. Adìẹ mọ̀ pé oúnjẹ òun ni, ó sì mọ̀ pé oúnjẹ àyìnrín lòun náà. Bọ̀dá mi gbọn yẹ̀pẹ̀ kúrò lára ṣòkòtò. Ó ní ohun tóun mọ̀ ni pé bí oṣù bá ti parí, ṣọ́ọ̀bù di títì. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ọwọ́ Màmá tó jó ló ń rí.

Mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́, mo wá ń ṣe iṣẹ́ ajá. Mo gbé àpótí kan sẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Bí oníbàárà bá dé, mo dìde, mo fọwọ́ kan Màmá lórúnkún, á yíjú padà, á ní, "Ẹ káàbọ̀ o, ẹ jókòó." N kò ṣe é dáadáa tó ajá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ń bá aránbàtà fọ̀rọ̀ wérọ̀ tí oníbàárà fi kọjá mi wọlé.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tó ń kọ́ni ní ilé-ìwé wá ṣe irun. Ó bá Màmá kẹ́dùn ajá, ó kígbe rẹ̀ dáadáa, Màmá sì dúpẹ́.

"Kẹ́míkà ọrùn yẹn ló pa á," Màmá ní. "Ó le jù. Mo ń fọ̀ ọ́ o, àmọ́ mo máa ń dúró kí ọmọ yìí lọ sílé ná, kó má bàa bínú. Ó dá mi lójú pé mo ń pẹ́ jù. Ká ní mo ń tètè fọ̀ ọ́ ni, ì bá wà láàyè."

Tíṣà náà káwọ́ mọ́ àyà. "Irú rẹ̀ là ń kán sí tiwa nílé. Ó ti yé mi. Èmi náà á máa tètè fọ̀ ọ́."

Mo jókòó sórí àpótí, mo ń gbọ́ wọn. Mo fẹ́ dákẹ́, n kò lè dákẹ́, ẹ̀mí ajá mìíràn ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí ó ṣe tán, mo tẹ̀ lé e jáde títí dé ibi tí fèrèsé wa parí sí, mo rò pé ibẹ̀ jìnnà tó. Mo sọ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé kó má ṣe fọ̀ ọ́ rárá, pé fífọ̀ ló fà á, pé omi ló ń gbé oògùn náà dànù kó tó ṣiṣẹ́. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó má sọ ọ́ lójú ìyá mi. Obìnrin náà bo ẹnu. Ó yíjú padà, ó wo ṣọ́ọ̀bù wa, ó tún wò mí, ó wá wolẹ̀.

Nígbà tí mo wọlé, Màmá wà lójú fèrèsé. Ìyarun wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí lo sọ fún un?"

"Kò sí nǹkan kan, Màmá!"

"N kò gbọ́ran, àmọ́ mo ríran. Ojú tí dókítà ṣe lọ́jọ́ yẹn, òun náà ni obìnrin yìí ṣe. Ojú kan náà." Ó sún mọ́ mi. "Ṣé fífọ̀ tí mò ń fọ̀ ọ́ ni?"

Mo la ẹnu. Ọ̀rọ̀ tí mo ní láti sọ pọ̀. Mo fẹ́ sọ pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, pé ẹni tí kò fẹ́ràn ajá kò ní ronú pé kí oògùn má jó o, pé èmi gan-an ni ì bá ti dúró tì í títí ilẹ̀ fi mọ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ènìyàn rọra sọ fún ìyá rẹ̀. Mo sì ní láti pariwo wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, lójú gbogbo àdúgbò. Aránbàtà ti gbé òòlù rẹ̀ sílẹ̀, ó ń wò wá.

Mo mí kanlẹ̀. Màmá kò wo ẹnu mi. Ojú mi ló ń wò, bó ṣe ń wo ojú ẹni tí rílásà wà lórí rẹ̀, ó ń dúró de ìpéǹpéjú.

"Má pariwo," ó ní. "Mo ti gbọ́."